Ẹ má jẹ́ ká pe klemtoon ní ohùn

Àbá kan wà níwájú wa pé ká máa pe klemtoon èdè Dutch, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tẹnu mọ́ sílébù kan ju àwọn yòókù lọ, ní "ohùn", pé òun nìkan ló ń fi ìtumọ̀ hàn nínú ọ̀rọ̀-orúkọ àkànpọ̀ wọn, bí ohùn ṣe ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún wa. Ẹ forí jì mí, mi ò fara mọ́ ọn; "ìtẹnumọ́" ló yẹ ká pè é.

Ẹ wo valkuil. Val àti kuil ni wọ́n kàn pọ̀, ọ̀fìn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lè kà á bíi valk àti uil, kí àṣá àti òwìwí di ọ̀kan. Sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa tẹnu mọ́ nínú méjèèjì! Kí wá ni klemtoon yà sọ́tọ̀ níbẹ̀? Ààlà ló ṣiṣẹ́: ṣé apá kìíní ló ni k, àbí apá kejì?

Ààlà yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Nínú avondeten, oúnjẹ alẹ́, d tó parí avond ń dún bíi t, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí ní ìparí ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáwẹ̀lì ló tẹ̀ lé e. Ẹnu wọn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gé e sí avon-deten ní ìparí ìlà.

Mo gbà pé massagebed ti àbá náà lẹ́yìn díẹ̀. Massa àti gebed jẹ́ àdúrà ọ̀pọ̀ èrò, MA ni wọ́n tẹnu mọ́. Massage àti bed jẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń wọ́ra fúnni, SA ló gbà á. Àmọ́ massage ti ní ìtẹnumọ́ níbi SA kí bed tó kàn án. Ibi tí a pín ọ̀rọ̀ sí ló pinnu ibi tí klemtoon bọ́ sí.

Lóòótọ́, apá àkọ́kọ́ ló sábà máa ń gbà á. Stadhuis (gbọ̀ngán ìlú), tí wọ́n ń tẹnu mọ́ huis, yàtọ̀. Síbẹ̀ sílébù kan ṣoṣo ló ń borí nínú ọ̀rọ̀ wọn, nígbà tí sílébù kọ̀ọ̀kan tiwa ní ohùn tirẹ̀. Bí "ìtẹnumọ́" nìkan bá jọ àkíyèsí alátẹnumọ́, ìyẹn gbígbé ọ̀rọ̀ kan yọ nínú gbólóhùn, jù, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní "ìtẹnumọ́ sílébù".