Páàdì àti Dísìkì Ọkọ̀ Asáré Lórí Òkè Èkìtì: Ẹ Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí

Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Mo gbé BMW 330i mi, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, jáde nílé ní Adébáyọ̀ ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, n kò sì tíì wà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí àwọn ọmọ iléèwé méjì fi já wọ ojú títì níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Pẹ́dàlì le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé igi ni mo tẹ̀, ọkọ̀ sì ń lọ. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dúró, àlàfo tó ṣẹ́kù láàárín imú ọkọ̀ àti àpò ìwé èyí àbúrò nínú wọn kò sì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Àwọn ọmọ náà sá lọ. Èmi ni n kò lè kúrò lójú kan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé páàdì tuntun, èyí tó ń di dísìkì (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà) mú kí ọkọ̀ lè dúró, ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo rà á lówó gọbọi, ẹni tó tà á fún mi sì fọwọ́ sọ̀yà pé irú rẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ń lò. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Páàdì ìdíje kì í mú dáadáa nígbà tó bá tutù. Ó fẹ́ kí dísìkì kọ́kọ́ gbóná gidigidi, bí ó ti máa ń rí fún ẹni tó ń sáré yí pápá po láìsinmi, kí ó tó fi agbára rẹ̀ hàn. Ta ni yóò bá mi yá iná sí dísìkì kí n tó jáde láàárọ̀? Láti Adébáyọ̀ dé Ìjìgbò, bí mo tẹ bíréèkì nígbà ogún, tí mo sì dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nígbà ogún, ooru tí páàdì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò lè jáde níbẹ̀.

Mo yọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ra èyí tí wọ́n ń pè ní sèrámíìkì. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀ ló ti ń mú, kì í pariwo, eruku dúdú tó máa ń bo rímù mi sì dín kù. Èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba ooru jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń han, ó sì máa ń jẹ dísìkì díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òkè ni ẹ ń sọ̀ lójoojúmọ́, ẹ lè fara da ariwo rẹ̀. Èmi kò ní sùúrù fún un.

Ọ̀rọ̀ dísìkì ni ó wá dà mí láàmú ju ti páàdì lọ. Wọ́n fín in sára dísìkì iwájú fúnra rẹ̀ pé nínípọn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí mílímítà 22.4, mílímítà 24 ni ní tuntun, tèmi sì ti jẹ dé 22. Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin kí ojú rẹ̀ lè dán. Mo kọ̀. Ohun tó ti tín-ínrín kọjá ààlà, ẹ tún fẹ́ fá a! Gbogbo eré tí ọkọ̀ bá sá, ooru ni bíréèkì ń sọ ọ́ dà, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ooru tó máa bọ́ sórí dísìkì yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Irin tó nípọn ló lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Mo ránṣẹ́ ra tuntun. Nígbà tó dé, ó dán gbinrin, ihò bóòtì márààrún bára mu, ó sì jókòó láìjanpata sórí họ́ọ̀bù, irin àárín tí a ń de dísìkì àti táyà mọ́. Àfìgbà tí ọmọ iṣẹ́ gbé kálípà, irin tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, bọ̀ ọ́ ni mo rí i pé orí páàdì yọ sókè ju etí dísìkì lọ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. Mo fi rúlà wọn dísìkì náà láti etí dé etí, ó jẹ́ mílímítà 300. Ti 328i, BMW mìíràn, ni wọ́n gbé fún mi. Mílímítà 330 ni ti 330i. Ọmọ iṣẹ́ náà wò mí lójú, ó ní, “Ọ̀gá, ó máa ṣiṣẹ́ náà, ó ṣáà wọlé.” Ẹni tó tà á kọ̀ láti gbà á padà, nítorí pé mo ti já páálí rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í dárúkọ ọkọ̀ mi fún ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò mọ́. Méje tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ṣásí ni mo máa ń fi ránṣẹ́, òun ni yóò sì fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Wáyà tín-ínrín kan tún wà nínú páàdì BMW tó máa ń tan iná níwájú awakọ̀ bí páàdì bá ti jẹ tán. Bí ó bá ti tan iná nígbà kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn, ẹ ra tuntun mọ́ páàdì.

Obìnrin oníṣòwò kan, Ìkọ̀lé sí Adó

Olùkọ́, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ló yọ yín, Òun náà ló yọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Tèmi, ẹwà ló kó bá mi. Lexus IS 250 ni mò ń wà, mo sì máa ń gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì kọjá sí Adó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló rọ̀ mí pé kí n ra dísìkì tí wọ́n dá ihò sí lára yíká, ó ní ó máa ń jẹ́ kí ooru jáde, ó sì máa ń yọ láàárín rímù bí ohun ọ̀ṣọ́. Lóòótọ́ ó yọ. Kò ju oṣù mẹ́jọ lọ tí mo fi ń gbọ́ kùkù-kùkù nígbà tí mo bá ń tẹ bíréèkì. Nígbà tí wọ́n tú táyà, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó fúnra mi: ìlà wẹ́wẹ́ ti là láti inú ihò kan bọ́ sí èkejì, bí ilẹ̀ àbàtà tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó tú u ní etí ihò ni irin ti kọ́kọ́ máa ń là bó bá ń gbóná tó ń tutù léraléra.

Mo padà sí dísìkì lásán tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, èyí tí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ wà láàárín awẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ihò inú yẹn tó mi, mi ò fẹ́ ti ojú mọ́. Ọmọ mi tún dábàá pé kí a gbé ti IS 350 sí i, nítorí pé mílímítà 334 ni tirẹ̀, tèmi sì jẹ́ 296. Wọ́n ní a óò ra kálípà mọ́ ọn, kí a sì wò ó bóyá rímù mi lè gbà á. Mo ní kí ó lọ fi owó rẹ̀ ra tirẹ̀.

Mẹkáníìkì kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ àwa tí a ń tú u, nítorí pé páàdì tó dára jù lọ lè di ègbin lọ́wọ́ ẹni tó gbé e sí.

Oníbàárà mi kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó ti pààrọ̀ dísìkì iwájú nígbà méjì láàárín ọdún kan, síbẹ̀ bó bá ti tẹ bíréèkì lórí eré kìlómítà 90, sítíárìn yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ní dísìkì ti ká. Mo tú táyà, mo yọ dísìkì, mo fi ọwọ́ pa ojú họ́ọ̀bù níbi tí dísìkì ń fẹ̀yìn tì. Irin ibẹ̀ ti dógùn-ún, ó sì ti ga lójú kan bí èékánná ọmọdé. Kò sí ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pààrọ̀ dísìkì. Ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ ní àárín, bí ó bá dé etí dísìkì, yóò ti pọ̀ tó láti mú kí dísìkì máa jó. Páàdì yóò máa kan ojú kan ju òmíràn lọ, ohun èlò ara páàdì yóò lẹ̀ mọ́ dísìkì lójú kan, ìgbọ̀nrìrì yóò sì bẹ̀rẹ̀. Mo ha á títí ó fi dán. Mo dá dísìkì rẹ̀ kan náà padà lẹ́yìn tí mo ti nu ojú rẹ̀, mo fi gírísì tó bá rọ́bà mu kun àwọn pín-ìnnì tí kálípà ń rìn lé, mo sì di bóòtì ní ìdákọjá, n kò dì wọ́n tẹ̀léra. Lórí BMW, 120 Nm ni agbára tí a fi ń dì wọ́n. Àwa tí a ń ki páìpù bọ sípánà lẹ́nu, tí a tún ń gun un, àwa gan-an la máa ń ká dísìkì.

Ẹ tún máa ka ẹ̀gbẹ́ páàdì kí ẹ tó sanwó. Lẹ́tà méjì sábà máa ń parí àkọlé rẹ̀. Èkíní ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń mú lẹ́yìn tí ó ti gbóná. Bí páàdì ṣe ń di dísìkì mú tó ni wọ́n ń wọ̀n: F lọ láti 0.35 dé 0.45, G sì lọ láti 0.45 dé 0.55. Bí ẹ bá rí E lójú kìíní, kò tó fún ọkọ̀ asáré lọ́dọ̀ tèmi. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, tí páálí rẹ̀ sì dà bíi ti ọṣẹ, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Lẹ́yìn tí mo bá gbé tuntun sí i, n kì í fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀, páàdì àti dísìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ara wọn. Mo máa ń gbé e gba ọ̀nà Ìju ní òwúrọ̀ kùtù kí mọ́tò tó pọ̀, màá sá kìlómítà 80, màá rọra tẹ̀ ẹ́ dé 20 láìdúró pátápátá, màá tún sá 80, ní bí ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, màá wà á lọ jẹ́jẹ́ kí ó tutù. Bí ẹ bá dúró tí ẹ sì tẹ bíréèkì pa nígbà tó ṣì ń jó gbọ̀ngbọ̀n, ojú páàdì yóò lẹ̀ mọ́ ibi kan ṣoṣo lára dísìkì.

Awakọ̀ kan, Ẹfọ̀n-Aláayè

Kò sí ẹni tó dárúkọ epo bíréèkì. Mò ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹfọ̀n lọ sí Ìwáràjà, páàdì tuntun, dísìkì tuntun, mo fi jíà sílẹ̀ ní D, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Ní àbọ̀ òkè, pẹ́dàlì rọ̀ pọ̀kọ̀, ó wọlẹ̀. Jíà kékeré ni mo fi dá a dúró. Epo ọdún márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ó ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n DOT 4, irú epo bíréèkì kan, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo ni pé kò gbọdọ̀ hó kí ó tó gbóná dé 230 Celsius. Bí ó bá ti fa omi, 155 ni ìwọ̀n náà. Ó hó, ó sì di atẹ́gùn. Ọdún méjì-méjì ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀ báyìí.

Olùkọ́, Adó-Èkìtì

Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ọkọ̀ dìde ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láàárín rímù, FF ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì mi. Epo inú rẹ̀ ni n kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti dúdú bíi kọfí. Ṣé ẹ óò wà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé? N óò kó DOT 4 dání, ẹ bá mi wo ojú họ́ọ̀bù náà.