Ọmọ mi ń jó bàtá, ó sì ń tàkìtì: ṣé kí ó fi ijó sílẹ̀ ni?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi gan-an. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, ń ṣe jimunásíìkì, eré òkìtì títa lórí kápẹ́ẹ̀tì, níbí ní Òṣogbo. Ìdílé onílù ni bàbá rẹ̀ ti wá, ijó bàtá sì ti wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà kí ó tó mọ òkìtì í ta. Níbi ìdíje tó kọjá, gbogbo èrò ló dìde pàtẹ́wọ́ fún un, síbẹ̀ máàkì rẹ̀ kéré sí ti àwọn tí wọ́n kàn ń rìn lọ sí igun kápẹ́ẹ̀tì láti lọ tàkìtì. Ká má tilẹ̀ sọ ti owó tí mo fi rán aṣọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ wá ní kí a yọ bàtá kúrò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì: Ẹ yọ ọ́, ìyá wa. Ọmọkùnrin tèmi kò jó rárá, òkìtì nìkan ló ń ta, máàkì rẹ̀ sì ń wọlé.

Olùkọ́ Eré: Bàbá Ìbejì, ti ọkùnrin kì í lo orin, ti obìnrin yàtọ̀. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fún obìnrin lórí kápẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ̀ ní mítà 12 níhà gbogbo, àwọn adájọ́ sì máa ń yọ máàkì ẹni tí ijó rẹ̀ kò bá orin mu. Òfin tilẹ̀ béèrè ìfò méjì tí ó yàtọ̀ síra, tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ya tán nínú ọ̀kan. Ibi tí bàtá bọ́ sí ni kí ẹ wò. Bí ó bá fi ejìká àti ẹsẹ̀ jó kíkankíkan kí ó tó sáré lọ tàkìtì, èémí yóò ti tán, yóò sì ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nígbà tí ó bá balẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá jáde kọjá ìlà, 0.1 ti lọ nìyẹn. Kí ó balẹ̀ tán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, kí ejìká wá gba ìlù. Irú orin wo ni ó lò?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ọmọ mi kì í mí gúlegúle o. Ìlù bàtá ni orin rẹ̀, àfi oríkì Ọ̀ṣun tí ìyá ọkọ mi kì sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn màmá dùn púpọ̀.

Olùkọ́ Eré: Ibẹ̀ gan-an ni! Bí wọ́n bá fi òfin àgbáyé dá a, orin tí ènìyàn bá ti sọ̀rọ̀ ń gba odindi máàkì 1 lọ́wọ́ ọmọ. Ohùn lè wà níbẹ̀, kí ó má ṣáà ti sọ ọ̀rọ̀.

Ọmọ Àyàn: Ẹ jẹ́ kí ìyáàlù dùndún ki oríkì náà.

Bàbá Ìbejì: Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni? Yorùbá tó bá jókòó síbẹ̀ yóò gbọ́ ọ.

Olùkọ́ Eré: Ohun èlò orin ni ìlù, bàbá. Ẹnu ènìyàn ni òfin ń bá wí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Màmá kò ní fẹ́ kí a yọ ohùn àwọn. Ṣùgbọ́n onídùndún wà lágboolé wa; màá ní kí bàbá rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Bàtá kò ní kúrò ní tiẹ̀.