Kòkòrò rere àbí alábàágbé? Orúkọ méjì nípa ìfun ìkókó

Láti Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà. Àbá méjì ló wà nílẹ̀: kí a máa pe bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ọmọ tuntun ní "kòkòrò rere", kí a sì pe àìsàn tó ń pa ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ("necrotising enterocolitis" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "jẹ̀funjẹ̀fun". N kò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ jẹ́ ká mú kòkòrò kọ́kọ́. L'Ọ́jà Ọba níbí, ìyá tó bá ní kòkòrò wà nínú ọmọ òun, aràn ló ń wí, oògùn tí yóò lé e jáde ló sì ń wá. Ẹ fi "rere" kún un títí, kòkòrò náà ni yóò gbọ́. "Kòkòrò àìfojúrí" tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ dára fún gbogbo ohun tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò rí, kó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi ìfun ṣe ilé ni a ń wá orúkọ fún.

Iṣẹ́ wọn ló yẹ kí orúkọ ti jáde. Lẹ́yìn ìbí, àwọn tó lè fara da ọ́síjìn ló ń kọ́kọ́ wọlé, irú E. coli tí Theodor Escherich ṣàpèjúwe láti inú ìgbẹ́ ìkókó ní 1885. Wọ́n á lo ọ́síjìn inú ìfun tán, ìgbà náà ni àwọn tí kò fẹ́ ọ́síjìn rárá á tó ríbi jókòó. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Bifidobacterium, tí Henri Tissier yọ sọ́tọ̀ láti inú ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọyàn, ní Paris, ní 1899. Oríṣi ṣúgà kan wà nínú omi ọyàn tí ìfun ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè lọ̀, bẹ́ẹ̀ kò kéré: bí a bá yọ omi kúrò, láktósì àti ọ̀rá nìkan ló pọ̀ jù ú lọ. Ta wá ni ìyá ń se é fún? Bifidobacterium ni. Yóò jẹ ẹ́, yóò sọ ọ́ di ásíìdì, inú ìfun á kan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dá àrùn sílẹ̀ kì í sì í gbádùn ibi tó bá kan. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo ògì fún ọjọ́ mẹ́ta mọ ohun tí mò ń sọ: ògì tó kan dáadáa kì í tètè bàjẹ́. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí fún ìkókó ní omidùn o.)

Ìdí kíkan yìí ni mo fi kọ́kọ́ ro "amúfunkan". Ohùn ló bà á jẹ́: ìfun tó kan àti ìfun kan ṣoṣo, bákan náà ni wọ́n ń dún, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ayálégbé" náà kò burú, àmọ́ ayálégbé ń kó jáde lọ́jọ́ kan. "Alábàágbé" ni mo fọwọ́ sí.

"Jẹ̀funjẹ̀fun" ńkọ́? Jẹ̀díjẹ̀dí ni ẹni tó dá a wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àpètúnpè ń ṣe nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀: panápaná, wolé-wolé, jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tàbí ohun tó sọ nǹkan náà di iṣẹ́ ni, tó ń ṣe é lọ́sàn-án lóru. Jẹ̀díjẹ̀dí lè bá ènìyàn gbé ogún ọdún. Eléyìí kò ní irú sùúrù yẹn. Àwọn ọmọ tí kò wọ̀n tó 1,500 gíráàmù ló sábà ń mú, nígbà púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ọmọ tó gba oúnjẹ dáadáa láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ ti wú, ó ti le, ó ń bì òróòro, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, èémí rẹ̀ ń dá dúró. Ìfun náà ni kò tíì gbó. Ògiri rẹ̀ kò dí dáadáa, ara á máa bá bakitéríà jà kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ tó mọ́, ibẹ̀ á sì kú. Lórí ẹ̀síréè, ẹ ó rí afẹ́fẹ́ nínú ògiri ìfun fúnra rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú "jẹ̀funjẹ̀fun" ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ní àgbo. Ìyá tó bá gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́gbòogi ni ọkàn rẹ̀ á lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú àìsàn yìí ni pé kí ohunkóhun má gba ẹnu ọmọ wọlé. Wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín sínú ikùn rẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á fún un ní apakòkòrò, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, fún ọjọ́ 7 sí 14, kí dókítà oníṣẹ́-abẹ sì wà nítòsí bí ìfun bá lu. Ẹ jẹ́ kí a kúkú pè é ní "ìfun-kíkú".

Èsì láti Oǹdó

Ẹ ṣé gan-an. Ti àpètúnpè, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. "Ìfun-kíkú" ni n kò lè gbà. Bí dókítà bá ní "ìfun ọmọ yín ti kú", ìyá á ti máa di ẹrù rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń yè é bí a bá tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ó sọ ẹni tó ń mú, ó sọ ibi tó ń bà jẹ́, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e: jẹ, ọmọ, ní, ìfun, "jẹmọnífun". "Jẹ" tí ẹni àkọ́kọ́ mú wá ṣì wà níbẹ̀, àpètúnpè ti kúrò, "ọmọ" sì ti yà á sọ́tọ̀ sí ìfun dídùn ti àgbàlagbà. Ní ti àgbo, orúkọ kì í ru ìtọ́jú sórí. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀kán ajẹsára méjì ni a ń kán sọ́mọ lẹ́nu. Ẹ kọ "má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, gbé e wá kíá" sábẹ́ orúkọ náà, ó parí.

Alábàágbé dùn létí, àmọ́ apakòkòrò kò mọ alábàágbé yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ọmọ àìpóṣù tí a fún ní apakòkòrò ju ọjọ́ márùn-ún lọ, láìsí àrùn kan tí a rí dì mú, ewu jẹmọnífun rẹ̀ ń ga sí i. Bí kòkòrò kò bá sí nínú orúkọ wọn mọ́, báwo ni ìyá yóò ṣe mọ̀ pé oògùn náà ń kàn wọ́n? Ẹ má sì fi orúkọ náà ṣe ti àwọn ẹni rere nìkan. Alábàágbé ni E. coli, òun náà sì wà lára àwọn tí ara ọmọ ń bá jà.

Àkúrẹ́ tún dé

Mo gba jẹmọnífun tọwọ́-tẹsẹ̀. Àléébù tí ẹ rí yẹn, "apakòkòrò" ló ni ín: òun kan náà la kọ sára agolo oògùn ẹ̀fọn. Òun ló yẹ kí a pààrọ̀.

Fún ìpele mẹ́ta tí Bell, dókítà oníṣẹ́-abẹ, là sílẹ̀ fún àìsàn yìí ní 1978, mo rí "ìfura", "ìdánilójú" àti "líle". Ẹ má lo "lílu" fún ìkẹta, nítorí kì í ṣe gbogbo ìfun tó dé ibẹ̀ ló ń lu.

Ó ku orúkọ fún oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi ń kọ́ ìfun ọmọ àìpóṣù níṣẹ́. Mílílítà 10 sí 20 ni fún kílò kan lójúmọ́. Bí ọmọ bá wọn 1,200 gíráàmù, tí a sì lo 20, mílílítà 24 ni lójúmọ́, ìyẹn mílílítà 2 ní wákàtí méjì-méjì. Omi ọyàn ìyá ló dára jù, nítorí jẹmọnífun wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ń mu mílíìkì agolo. Ẹnì kan dábàá "ìtọ́wò" fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lè sọ pé kò dùn, kó dáwọ́ dúró. Kì í ṣe nítorí adùn, kì í sì í ṣe nítorí àyó. Kí ìfun lè jí ni. "Ajífun" ni mo mú wá. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó gbé e síta.