Fọ́tò ní eegun ò dá, àmọ́ ọwọ́ ọmọ mi ń wú sí i

Ìyá Ayọ̀: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi gan-an. Ọmọ mi já bọ́ lórí igi máńgòrò lọ́jọ́ Àìkú, ó fọwọ́ tilẹ̀. A tò fún wákàtí 4 ní ọsíbítù, a sanwó káàdì, a sanwó fọ́tò, dókítà kékeré kan wò ó fìrí, ó ní eegun kankan ò dá, ó fún wa ní oògùn ìrora. Ọkọ mi ń pariwo owó, ìyá ọkọ mi ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ṣì ń dùn ún. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Fẹ́mi: Bí fọ́tò bá ti mọ́, ọwọ́ kàn rọ́ ni. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Nọ́ọ̀sì Títí: Ọmọ ọdún mélòó, mà? Ibo gan-an ló ń dùn ún?

Ìyá Ayọ̀: Ó pé 11 lóṣù tó kọjá. Ọrùn ọwọ́ ni, lápá àtàǹpàkò. Ẹ dákun, ẹ má bi mí bí ọ̀daràn.

Físíò Kúnlé: Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ rọra. Nítòsí orí eegun ọmọdé, ìlà kan wà tí eegun ti ń gùn. Eegun bísíkíìtì ni ìlà yẹn, irú èyí tí alápatà ń gé nínú igbá àyà màlúù. Okùn tó so eegun mọ́ra lágbára jù ú lọ, nítorí náà bí ọmọ bá ṣubú, ìlà yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Fọ́tò ò sì ní rí i: kálísíọ̀mù inú eegun ló ń dí ìtànṣán lọ́nà tí eegun fi ń hàn funfun, omi ló pọ̀ jù nínú eegun bísíkíìtì. Bó bá ya láìyẹ̀ kúrò láyè, fọ́tò á mọ́ kedere. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ibẹ̀ tó figbe ta, ẹ tọ́jú ẹ bí eegun tó dá, kí wọ́n tún ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10.

Àlhájà Bàṣírà: Ẹ se ẹsẹ̀ adìẹ pẹ̀lú edé, eegun á tètè lẹ̀.

Físíò Kúnlé: Edé dùn lọ́bẹ̀, Àlhájà, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú eegun ló ń tún un ṣe: ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì lójú ibi tó dá, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 eegun bísíkíìtì á bò ó, ìyẹn ló ń le di eegun. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ra á lásìkò yẹn ń tú u ká ni.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Ẹ ń dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ.

Físíò Kúnlé: Ìlà yẹn ló ń fún eegun apá lápá àtàǹpàkò ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀. Bó bá dí ṣáájú àkókò, ọrùn ọwọ́ á wọ́.

Ìyá Ayọ̀: Ẹ ṣé. Ẹ má bínú, mi ò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ti mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun lánàá. Wọ́n fi òrí ra á, wọ́n fi ọparun dì í le koko, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ tú u fún ọjọ́ 7. Láti òru ló ti ń sunkún. Ìka ti wú, ó ní ó ń ta òun bí abẹ́rẹ́. Ṣebí oògùn ló ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Títí: Ẹ TÚ U. Báyìí. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo rẹ̀ dé awọ ara, kò gbọ́dọ̀ ku aṣọ kan. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà ní ọ̀gangan àyà, ẹ má gbé e ga. Kò sí yìnyín mọ́, kò sí òrí. Ẹ tẹ èékánná: pupa gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ rọra na ìka.

Ìyá Ayọ̀: Mo ti gé e, ìyá ọkọ mi ń bú mi. Èékánná ṣì funfun. Mo na ìka àárín, ó ké tòò.

Nọ́ọ̀sì Títí: Ẹran apá ni ẹ̀jẹ̀ ò dé, kò sì ju bíi wákàtí 6 lọ tó fi ń kú. Ọsíbítù ńlá tó ní dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ láti àná, ẹ sọ aago tí ẹ tú u. Ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi, torí wọ́n lè ní láti la apá náà lónìí.