Kùkùté igi ló kù nínú igbó Kwali: ṣé ká tu ú ni, àbí ká tọ́jú ẹ̀?

Àgbẹ̀ Kwali: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Hẹ́kítà méjì ni ilẹ̀ wa, lẹ́bàá Kwali, ní agbègbè Àbújá. Igi òrí, igi irú àti igi ìyá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sun èédú ti gé púpọ̀, iná sì ń gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù kejì ọdọọdún. Àwọn kan ní ká tu gbogbo rẹ̀, ká gbin mẹlínà, igi pákó tó ń tètè dàgbà. Igi ìdáná ṣì wúlò fún wa o. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Igi Ọ̀dàn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tu kùkùté kankan! Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ti mọ ibi tí omi wà. Ẹ lọ wo ìdí ọ̀kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀: èéhù á pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn á tín-ín-rín bí ọwọ̀, torí wọ́n ń du omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta tó tọ́, tó hù lẹ́bàá ilẹ̀. Èyí tó hù lókè kùkùté kò dì mọ́ ọn dáadáa. Bó bá sanra tán, atẹ́gùn á fà á ya. Ẹ gé ìyókù pẹ̀lú àdá tó mú, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ẹ bá gé e wálẹ̀, èèpo á bó, kòkòrò á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ré ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ẹ yàn títí dé ìdajì gíga wọn. Tó bá yá, ẹ gé ọ̀kan fi dáná, kí ẹ fi èéhù tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Tony Rinaudo, onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ará Ọsirélíà, àtàwọn àgbẹ̀ Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, bẹ̀rẹ̀ ní 1983, tí igi fi padà sórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Ìyá Olórí: Òfo ni gbogbo ìyẹn bí iná oṣù kejì bá ṣì ń wọlé. Koríko ti gbẹ háúháú nígbà yẹn, á jó èéhù pa, á jó òdòdó igi òrí dànù. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ẹ ro ààlà mítà márùn-ún yí ilẹ̀ ká, títí erùpẹ̀ á fi hàn. Koríko tí ẹ ro, ẹ má fi sílẹ̀ lójú ààlà, iná á gba orí rẹ̀ kọjá. Lóṣù kìíní, ẹ padà lọ gbá a, torí ewé á ti wọ́ sílẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Kí ẹ sì bá baálẹ̀ àtàwọn darandaran sọ̀rọ̀ ṣáájú. Wọ́n ń sun koríko kí tútù lè yọ fún màlúù. Ẹ jọ yan ibi tí wọ́n á ti sun ún ní oṣù kọkànlá, nírọ̀lẹ́, nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù.

Àgbẹ̀ Kwali: Ẹ ṣé gan-an. Ibi tí kò sí kùkùté rárá ńkọ́?

Igi Ọ̀dàn: Kóró òrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni kí ẹ gbìn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó bá gbẹ, kò ní hù. Ẹ má hú u wò o! Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ rìn lọ sísàlẹ̀, ọ̀mùnú á wá ti abẹ́ ilẹ̀ yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ti irú, ẹ sọ omi tó hó kalẹ̀ lórí iná, ẹ da kóró sí i, kó wà nínú rẹ̀ mọ́jú.