Kí ló dé tí òṣùpá kì í wọ inú òjìji ayé lóṣooṣù?
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ojú ọ̀run, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Mo paná yàrá, mo fi tọ́ọ̀ṣì ṣe oòrùn, bọ́ọ̀lù ńlá ṣe ayé, kékeré ṣe òṣùpá. Gbogbo ìgbà tí mo bá yí kékeré po ńlá ló ń wọ òjìji, tó bá sì bọ́ síwájú tọ́ọ̀ṣì, òjìji tiẹ̀ á hàn tó-tò-tó lára bọ́ọ̀lù ńlá. Wọ́n ní ọ̀nà òṣùpá kò bá ti ayé dọ́gba, pé ó fi bíi dígírì 5 fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló fi ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji kọjá. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ bí fífì yẹn kò bá yí padà, kí ló ń mú kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún tò sórí ìlà kan ní bíi oṣù 6 síra?