Àwo Orlando Owoh: báwo ni mo ṣe lè gbà á sórí láptọ́ọ̀pù láìba ohùn rẹ̀ jẹ́?

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa. Àwo ńlá Orlando Owoh 9 àti kékeré 4 ló wà nílé wa níbí ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ gbà wọ́n sórí láptọ́ọ̀pù kí n lè pín in fún àwọn àbúrò tí wọn ò mọ̀ ju Sunny Adé àti Obey lọ. Mo ki wáyà ẹ̀rọ àwo bọ ihò maikirofóònù láptọ́ọ̀pù, mo gba ojú kan sílẹ̀, mo sì ní kí Audacity, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, yọ ariwo ẹ̀. Ohun tó jáde tín-ín-rín bí ohùn inú fóònù. Kò sí béèsì. Ohùn Orlando tó máa ń há yẹn ti dán bọ̀rọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí omi ń ya. Méjì nínú àwọn àwo náà tún ti bu funfun. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Aláwo:
Kì í ṣe àwo yín ló fà á. Ihò maikirofóònù ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́, yíyọ ariwo wá parí ẹ̀.

Iná tó ń ti ìdí abẹ́rẹ́ bọ̀ kéré gan-an, kò ju nǹkan bíi millivolt 5 lọ, kò sì tíì tọ́ láti gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n dín béèsì kù kí ìlà ara àwo má baà fẹ̀ jù, kí abẹ́rẹ́ má baà máa fò, wọ́n sì gbé ohùn òkè sókè. Phono preamp, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn àwo sókè, ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Ẹ ò fi í sáàárín, ìdí nìyẹn tí béèsì fi sá lọ. Ihò maikirofóònù ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í sì í gbà ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ, nígbà tí àwo stereo ní ọ̀tún àti òsì.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì tí wọ́n kọ PHONO àti LINE sí, preamp ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ tì í sí LINE. Bí kò bá sí, ẹ ra preamp lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá soundcard USB, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn wọnú láptọ́ọ̀pù, tó ní ihò wáyà ohùn RCA méjì, pupa àti funfun. Ẹ má fi preamp méjì tẹ̀lé ara wọn o! Béèsì á bo gbogbo nǹkan, ohùn á sì máa ya.

Wáyà tín-ín-rín kan sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ RCA. Tó bá wà, ẹ so ó mọ́ ibi tí wọ́n kọ GND sí lára preamp, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ “hùùù” lábẹ́ orin látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìwúwo abẹ́rẹ́ ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù lónìí ń fẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2.5, iye tí wọ́n kọ sínú ìwé abẹ́rẹ́ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú inú àpótí lè tẹ àwo ní gíráàmù 4 sí 6, ẹ má fi wọ́n gba àwo tí kò ní ìrọ́pò. Ẹ má sì rò pé fífúyẹ́ jù ló dáa. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù máa ń ta gìrì nínú ìlà ni, á sì máa gbá ògiri rẹ̀ jẹ.

Màmá Ọ̀wọ̀:
Ẹ fọ àwọn àwo yẹn kẹ́ ẹ tó gbé ìkankan sórí ẹ̀rọ, pàápàá méjì tó bu. Èbu àti eruku máa ń kó sórí abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì gbé e dé orí àwo tó kàn. Ẹ fi nǹkan bomú kẹ́ ẹ tó gbọn èbu náà dànù níta.

Ẹ̀rọ̀ ẹ̀ nìyí. Omi distilled ìdajì lítà, ọṣẹ olómi ìfọbọ́ ẹ̀kán 3, kó má jẹ́ èyí tó ní ìpara ìtọ́jú ọwọ́ nínú. Ẹ fi ìdérí ike tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 bo ìwé àárín àwo kí omi má kàn án. Ẹ rẹ aṣọ microfibre sínú omi náà, kẹ́ ẹ máa nù ún yípo bí ìlà ṣe yípo, ẹ má gé ìlà kọjá. Lẹ́yìn náà, omi distilled tí kò lọ́ṣẹ lẹ ó fi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e ró lóòró níbòòji títí á fi gbẹ.

Omi bòhóò àti omi kànga wa ò dáa fún ìṣànkẹ́yìn, nítorí ohun tó wà nínú ẹ̀ á gbẹ sínú ìlà, á sì máa ta pápápá. Àwọn réwáyà àti oníbátìrì mọ́tò ní omi distilled, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa: omi lẹ fẹ́, kì í ṣe ásíìdì. Ike méjèèjì lè jọra.

Omi gbígbóná àti oòrùn, rárá o, àwo á wọ́. Bí ẹ bá sì rí àwo 78 nínú ẹrù náà, èyí tó wúwo tó máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun, sípíríìtì ò gbọdọ̀ kàn án, á yọ́ ọ ni. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu àwo. Bẹ́ ẹ ṣe ń nù ún ló máa ń fa eruku mọ́ra.

Réwáyà Ọ̀bà-Ilé:
Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ àwo tó ń lo mọ́tò AC ń sáré bí iná ṣe ń lù ni, 50 Hz. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lórí 50. Bí firíìjì bá tan, á wálẹ̀. Bó bá kú, á gòkè, orin á sì máa lọ sílẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ lo iná NEPA tàbí inverter tó dáa. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù náà, bátìrì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gba orin, ariwo tín-ín-rín kan á lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ìsáré: ẹ lẹ bébà pélébé kan mọ́ etí àwo, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tó kọjá níwájú yín láàárín ìṣẹ́jú 3 gééré. Àwo ńlá gbọ́dọ̀ yí nígbà 100, nítorí 33⅓ ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 98, ó ti fi ìdá 2 nínú 100 lọ́ra, ohùn Orlando á sì wúwo ju bó ṣe kọ ọ́ lọ. Kékeré á yí nígbà 135.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ ṣé púpọ̀, kí Ọlọ́run máa bá wa dá yín sí. Bọ́tìnì PHONO/LINE wà lẹ́yìn tèmi. Ariwo orí àwo ńkọ́? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Olólùfẹ́ Tóyè:
Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó yọ Orlando Owoh sọ́tọ̀ láàárín àwọn olórin wa ni híhá inú ohùn rẹ̀. Èémí wà nínú ẹ̀, ó ń ra díẹ̀, bí ẹni tó jókòó tì yín tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀yàtọ̀ èémí yẹn sí ariwo àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ṣáá-ṣáá rẹ̀ jọ ariwo, ètò náà á jẹ ẹ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù á máa dún bí omi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nìyẹn.

Bó bá di dandan, ẹ fi ìlà òfìfo tó ṣáájú orin, ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, kọ́ Audacity ní ariwo, kẹ́ ẹ wá dín in kù ní 6 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó) péré. Ẹ tẹ bọ́tìnì Residue kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ kó dànù. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn Orlando níbẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ gbà á ní 44100 Hz, bit 24. Ẹ má jẹ́ kí ibi tó dún jù kọjá -6 dB. Bó bá kan òdo, á ya, kò sì sí àtúnṣe. Ojú kan tó gba ìṣẹ́jú 20 á tó nǹkan bíi MB 318. Ẹ fi FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kankan dànù, pa á mọ́, MP3 320 sì ni kẹ́ ẹ pín fáwọn àbúrò, nǹkan bíi MB 48 ni.

Àwo kékeré tó bá jẹ́ mono, ẹ pa ọ̀tún àti òsì pọ̀, ariwo á dín kù fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ́ FUTA:
Ẹ̀gbọ́n, Click Removal ń yọ gbogbo “tá, tá” yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló burú níbẹ̀?

Olólùfẹ́ Tóyè:
Àbúrò, ó ń yọ agogo àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbá ìlù pẹ̀lú. Bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe kan awọ ìlù yẹn, ojú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà jọ ìta àwo gan-an. Ìlù á rọ̀, ijó á sì kúrò nínú orin. Ẹ wá ibi tó ta gan-an, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, kẹ́ ẹ lo Repair. Kì í gbà ju sample (ẹ̀rún ohùn tín-ín-rín) 128 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gba àsìkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́wàá tó dun etí jù lójú kan ti tó.

Ẹ má gé orin rẹ̀ wẹ́wẹ́ náà. Bó bá jẹ́ pé orin wọnú orin ni lójú àwo náà, ẹ fi àmì Label síbi tó ti yí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣàn. Bó ṣe ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìdá gìtá dúró wà lára ọgbọ́n rẹ̀.

Ó dùn mí pé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí gan-an, Sunny Adé la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òṣogbo ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, ọmọ ìpínlẹ̀ yìí sì ni wọ́n. Ìfọ̀n ni bàbá Orlando, Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀. Káfíńtà ni kó tó wọ ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1958, níbi tó ti ń lùlù tó sì ń kọrin. Ní 1960 ó dá Omimah Band tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí jùjú gbòde, ó pa á pọ̀ mọ́ highlife, ó pè é ní tóyè, kò sì jẹ́ kí ohùn tirẹ̀ sọnù títí tó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 2008.

Fún àwọn àbúrò yín, ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní àwo kékeré, nítorí orin ibẹ̀ kúrú. Ẹ ní kí wọ́n fi earpiece gbọ́ gìtá nìkan nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un gbọ́ fún ohùn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ gbé ojú àwo ńlá kan kalẹ̀.

Màmá Ọ̀wọ̀:
Kó má kọjá inú ilé o. Ẹ má gbé e sórí YouTube, ẹ̀tọ́ orin yẹn ní olúwa rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò páálí àwo níwá lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àárín àwo sílẹ̀ pẹ̀lú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Òun lẹ ó fi mọ ìtẹ̀jáde tó jẹ́.